Ife Itọ́ Tí Màmá Mi Rí

Omi ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ẹran tó ti bàjẹ́, omi lásán. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fa oògùn ṣímíò àkọ́kọ́ sí mi lára, mo bu omi mu nílé ìdáná mi, ó sì dà bí ẹni pé mò ń lá ìdí ìkòkò tó ti dípẹtà. Mo tu ú dànù. Mo bu òmíràn, mo tún tu ú. Ẹnu mi ń rùn sí èmi fúnra mi, itọ́ sì ń sun nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oúnjẹ kan láyé tí mo fẹ́ jẹ. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò mọ́. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán ná.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní Benin, nísàlẹ̀ àwọn òkè olókùúta wọ̀nyẹn tí ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà ní Faransé, nílùú kan lápá àríwá tí òjò rẹ̀ kì í dá, tí kì í sì í rọ̀ kó tẹ́ni lọ́rùn. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìwé ni, ìwé tí wọ́n fi ń nùdí. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wá ṣágo omi títí, n kò rí. Mo bi ọkọ mi, tó ti fi ọdún méjì ṣáájú mi débẹ̀, pé ibo ni wọ́n ń gbé omi sí. Ó ní òyìnbó kì í lo omi.

Mo ní, "Wọ́n kàn ń nù ún lásán? Tí wọ́n á wá wọ ṣòkòtò lé e?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ ìlú Sakin lápá ọ̀dọ̀ wa ni, kò sí ohun tí kò lè fi rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe wọ ìlú náà nìyẹn: èmi ọmọ oníṣu, mò ń wo àwọn tó ní ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré bí ìjì, mo sì ń káàánú wọn nítorí ìdí wọn. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, bí ẹnikẹ́ni bá bọ̀ mí lọ́wọ́, ohun tí mò ń rò kò ṣeé sọ.

Àfi bíi pé Ọlọ́run gbọ́ mi. Iṣẹ́ tí mo rí ni iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Mò ń lọ láti ilé dé ilé, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pààrọ̀ aṣọ wọn, mò ń nùdí fún wọn. Mo lè ti tọ́jú ẹni mẹ́rin kí n tó mu kàféè láàárọ̀. Kò rí mi lára rárá. Ohun tó rí mi lára ni pé àwọn arúgbó náà ní ọmọ, wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ ara ògiri, èmi àlejò ni mo sì mọ ibi tí ara ti ń ro wọ́n. Nílé wa, ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní lè gba àárín ìgboro kọjá. Mo máa ń sọ èyí fún ọkọ mi pẹ̀lú ìgbéraga. Mo gbàgbé pé èmi náà ní ìyá, àti pé orí tẹlifóònù ni mo ti ń rí i.

Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tí mò ń pè ní Màdáàmù. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára mọ́ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan mo bá a nílé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Ó ti ìdí igi náà bọ inú ìgbẹ́ ara rẹ̀, ó fi í sínú ìgò kékeré, ó fi ìgò sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́, ó ní kí n bá òun jù ú sí àpótí pọ́sì bí mo bá ń lọ. Mo ní kí ni. Ó ní àyẹ̀wò ni. Ìjọba fi ohun èlò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ti pé àádọ́ta ọdún, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Ìka méjì ni mo fi gbé àpòòwé yẹn, bí ẹni gbé òkú eku.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, àwa méjì péré ni Màmá wa bí. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tí kò jìnnà sí Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ń fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ ní pọ́sì."

"Irọ́ lo pa!"

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi jù ú sí àpótí."

"Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí i lórí? Ta ló ń gbà á?"

"Ìjọba ni."

Àjàyí pariwo. Ó pe àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí tẹlifóònù, ẹnì kan ní àwọn náà ti ṣetán, kí ìjọba tiwa ṣáà fún àwọn ní àdírẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí Àjàyí ṣe máa ń kí mi nìyẹn: "Ìyá oníwèé ìgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́."

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ti ara mi.

Ẹ̀rù kò bà mí, nítorí mo ti mọ orúkọ rẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí ríro, jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀yìn ríro, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Ṣúgà ló ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa láti kékeré. Jẹ̀díjẹ̀dí ló sì pa bàbá wa, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ṣe sọ. Mo wà ní kọlẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Ó rù títí egungun ọrùn rẹ̀ fi yọ síta, wọ́n ń se egbò igi fún un, wọ́n sì ń bá a wí pé kò yé fi ṣúgà mu ẹ̀kọ.

Mo fi ṣúgà sílẹ̀. Mo sọ fún Àjàyí pé kó fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ránṣẹ́. Òun náà máa ń mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ń sè é ní àdúgbò Boni. Ó fi èèpo àti egbò rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ará ilé wa kan tó ń bọ̀, mo sì mu ún fún ọdún méjì. Nílùú tó jẹ́ pé ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi gbé ìgbẹ́ ẹlòmíràn lọ sí pọ́sì kó má baà kú, mo jókòó, mò ń mu omi egbò igi. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi ni mo máa ń fẹ́ tu itọ́ sí.

Ilé Màdáàmù ni mo ti ṣubú. Mò ń fọ àwo, mo rí i pé ilẹ̀ ń bọ̀. Ìyá tí kò lè dìde láìsí ọ̀pá ló wọ́ lọ síbi tẹlifóònù, ló pe ọkọ̀ lopitáàlì. Wọ́n là mí nínú, wọ́n gé ìfun mi. Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, dókítà kan wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ọ̀dọ́bìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó ti kọjá ara ìfun, a óò fi ṣímíò, oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ, lé ìyókù rẹ̀ nígbà méjìlá, ọ̀sẹ̀ méjì méjì síra wọn. Ó bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní in rí.

Mo ní rárá.

"Bàbá yín ńkọ́? Kí ló pa wọ́n?"

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe jẹ̀díjẹ̀dí ní Faransé. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un: ẹ̀jẹ̀, rírù, inú ríro. Bí mo ti ń ṣàlàyé ni mò ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Dókítà dáwọ́ kíkọ dúró.

Ó ní, "Ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò?"

"Ẹ̀gbọ́n kan."

"Kí wọ́n lọ yẹ inú wọn wò. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Mo ní màá pè é lọ́jọ́ yẹn. N kò pè é.

Ìtìjú ni, kí n má parọ́. Níbi tí mo ti wá, àìsàn ní ipò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, a ń kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí ìdí ń dùn, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ti jẹjẹrẹ sì nìyẹn, èyí tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ ẹni tó ṣì wà láàyè. Mo sọ fún wọn nílé pé wọ́n yọ kókó kékeré kan fún mi, pé mo ti ń gbádùn. Mo ní bó bá yá, màá sọ ìyókù.

Ṣímíò wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ri nǹkan róbótó kan mọ́ abẹ́ awọ àyà mi, ibẹ̀ ni oògùn ń gbà wọlé. Lẹ́yìn tí mo bá ti jókòó sí lopitáàlì fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á so ìgò kan tó rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù mọ́ mi, màá gbé e lọ sílé nínú àpò, yóò sì máa kán sí mi lára fún ọjọ́ méjì. Mo bá a sùn, mo bá a jẹun, mo bá a jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àlejò burúkú kan wọlé tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òtútù yóò di iná. Mo di ìlẹ̀kùn fìrígò mú láti mú tòmátì, iná mànàmáná gba ìka mi lọ sí ìgúnpá. Mo mu omi tútù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fun mi dì, mo rò pé mo ti kú. Láti ìgbà náà, ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń ṣí fìrígò nínú ilé ara mi. Egbò yọ sí ẹnu mi. Òórùn ọṣẹ, òórùn ata, òórùn orí ọkọ mi, gbogbo rẹ̀ ń bì mí nínú. Ó ra lọ́fínńdà kan láti fi wú mi lórí. Mo bì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni ọlọ́run náà rẹ́rìn-ín, ó lọ wẹ̀, ó sì gbé lọ́fínńdà náà fún aládùúgbò.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti inú bọ́ọ̀sì. Ẹni tí wọ́n ń fún ní oògùn yìí, ìgbẹ́ gbuuru kì í kìlọ̀ fún un. Ìdúró méjì ló kù kí n dé ilé. Mo gbá ìdí mú, mo ka àádúrà, kò gbọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo so kóòtù mọ́ ìbàdí, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé nínú òjò, ó ń tutù lẹ́sẹ̀ mi méjèèjì, àwọn ènìyàn ń yẹra fún mi láìwò mí. Ọkọ mi ló gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kaná, òun ló wẹ̀ mí. N kò lè wo ojú rẹ̀. Èmi tí mo ti nùdí fún àádọ́ta òyìnbó, tí kò rí mi lára lọ́jọ́ kan, ara mi wá di ohun tí mò ń fà sẹ́yìn fún. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rí i lára. Ó ní ó rí òun lára gan-an, kí n gbé ẹsẹ̀ òsì sókè.

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni Màmá pè lórí Wasapu, tó ní òun fẹ́ rí ojú mi. Mo wé gèlè, mo gbé tẹlifóònù sókè kó má baà rí ìgò tó wà ní ìbàdí mi. Ṣùgbọ́n itọ́ kò mọ ìpàdé. Ife kan wà lọ́wọ́ mi nígbà gbogbo tí mò ń tu ú sí. Mo yí ojú, mo tu ú. Màmá sún mọ́ ojú tẹlifóònù.

"Kí lo tu yẹn?"

"Itọ́ ni, Màmá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù kan."

"Ò ń bì?"

"Mò ń bì."

"Òórùn ata ńkọ́?"

"Ẹ má dárúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Òrùlé ilé wa, tóòlù onírin, nìkan ni mò ń rí, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́, mo gbọ́ tó ń kọrin ìjọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, a ti ṣègbéyàwó fún ọdún mọ́kànlá láìbí. Màmá, ẹni tí orúnkún ń dùn, ń jó nínú ilé nítorí itọ́ mi.

Mo lanu. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn tẹlifóònù, ó ń mi orí sí mi pé kí n má jẹ́ kó gbà pé oyún ni. Mo jẹ́ kó gbà á.

Láti ìgbà náà, ìmọ̀ràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òun ti sọ fún àdúgbò wa láti ojú irin dé ẹsẹ̀ òkè. Kí n lá ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀: mo lá a, egbò ẹnu mi jó mi títí mo fi sunkún. Kí n má fi ife onírin mu omi mọ́, igbá ni kí n fi mu. Igbá kan wà lára ògiri wa tí mo gbé kọ́ fún ẹwà láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Omi náà dùn. Kò ní ìpẹtà nínú. Mo mu igbá kan, mo mu ìkejì, mo jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, mo sunkún ayọ̀ nítorí omi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ju ṣíbí irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ni mo fi ń jẹ ìrẹsì rírọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń dúró nínú mi.

Mo ti gbàgbé pé ọmọ ibì kan ni mí. Nínú ilé àwọn arúgbó, bí òyìnbó ni mo ṣe ń hùwà: mò ń wo agogo, mò ń kí wọn ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Igbá yẹn rán mi létí pé ẹnì kan wà tó mọ bí ẹnu mi ṣe rí láti ọ̀nà jíjìn. Ìyẹn ló sì tún bà mí nínú jẹ́, nítorí ọmọ tí kò sí ni Màmá ń tọ́jú, kì í ṣe èmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú kan, Àjàyí pè.

"Àbúrò mi, oyún ńkọ́? Èmi náà ti lóyún o! N kò lè jókòó. Jẹ̀díjẹ̀dí yìí fẹ́ pa mí."

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀jẹ̀? Bí ìgbà tí wọ́n pa ewúrẹ́ ni. Mo ti fi ṣúgà sílẹ̀. Ṣé o rí i, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ṣúgà!"

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. A kò tíì gbin iṣu nígbà náà."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yí tẹlifóònù kó lè fi igi kajú tó gbìn hàn mí, ojú rẹ̀ kọjá níwájú mi nínú oòrùn. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Ọrùn bàbá wa ni.

Mo ní rẹ́sóò tẹlifóònù kò dára, mo pa tẹlifóònù. Mo lọ bì. Kì í ṣe oògùn ló fa ti ọjọ́ yẹn.

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ro bí mo ṣe lè sọ̀dá òtítọ́ kan láìfọwọ́ kan èkejì. Bí mo bá sọ fún Àjàyí pé kó lọ yẹ inú wò, yóò bi mí ìdí rẹ̀. Bí mo bá sọ ìdí rẹ̀, Màmá yóò gbọ́ pé kò sí ọmọ. Mo wo ara mi nínú dígí, ojú mi dúdú, ìka mi ń bó, mo sì rí i pé n kò tíì rí ọ̀bùn tó tó mi. Ẹ̀gbin ti ara ṣeé fi omi fọ̀. Èyí tí mo fi sílẹ̀ nínú ẹnu fún oṣù mẹ́ta ń pa ẹ̀gbọ́n mi.

Mo pè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí lopitáàlì. Kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ yín wò, kí wọ́n yẹ inú yín wò."

"A-a! Ìyá oníwèé ìgbẹ́! Ìgbẹ́ tèmi kò ní lọ sí pọ́sì o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi. N kò lóyún."

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. Mo sọ tẹlifóònù kalẹ̀ sí ìbàdí, mo fi ìgò hàn án, mo fi okùn tó gbà lọ sí àyà mi hàn án, mo ṣí aṣọ, mo fi ojú àpá hàn án.

"Kí nìyẹn?"

"Oògùn ni. Jẹjẹrẹ ni wọ́n gé níbẹ̀, nínú ìfun mi. Mo rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo mu àgbo tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ọdún méjì."

Ó ní, "Àgbo yẹn lèmi náà ń mu."

"Mo mọ̀."

"Bàbá wa…"

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Mò ń gbọ́ àwọn zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, tí ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè. Ó ní, "Màá lọ lọ́jọ́ Ajé." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló máa sọ fún Màmá?"

"Èmi ni."

Màmá gbé tẹlifóònù pẹ̀lú ìdùnnú, ó ní òun ti rí aṣọ òtútù kékeré kan lọ́jà. Mo ní, "Màmá, kò sí ọmọ."

"Ó ti bàjẹ́?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọmọ mi, má sunkún. Ó ń ṣẹlẹ̀. Òmíràn ń bọ̀."

Ó tún na irọ́ mìíràn sí mi, èyí tó rọrùn, tí gbogbo ènìyàn yóò fi bá mi kẹ́dùn. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á.

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀ rí, Màmá." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: ìfun, jẹjẹrẹ, ṣímíò, itọ́, Àjàyí, bàbá wa. N kò fi nǹkan kan bò.

Màmá ní, "Ta ló ń bá ọ da itọ́ náà nù?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọlọ́run yóò bù kún un." Ó pa tẹlifóònù. Ọjọ́ Àìkú méjì kọjá, kò pè mí. Mo gbà pé mo ti pàdánù rẹ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ sí mi.

Àjàyí lọ lóòótọ́. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ wọ́n ní kó lọ sí lopitáàlì ńlá kan ní gúúsù. Ó pè mí láti ibẹ̀, ohùn rẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n àwàdà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n sí òun nídìí, dókítà mẹ́ta ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n rí i. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ara ìfun. Wọ́n gé e, wọ́n ní kò nílò ṣímíò. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé ó tún fi ọdún kan mu àgbo sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti di òmíràn.

Mo parí ìgbà kejìlá tèmi. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, mo lọ sílé. Àkókò ọyẹ́ ni, orí àwọn òkè funfun fún eruku. Ìka mi ṣì kú, n kò lè de bọ́tìnnì, òtútù òwúrọ̀ sì ń ta mí bí iná. Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo rí i pé ó ti gbé ìkòkò ńlá kaná, èyí tí wọ́n fi ń se omi fún ìyá ọlọ́mọ. Ó mú mi lọ sí balùwẹ̀, ó fi kàǹkàn bọ omi gbígbóná, ó ń fi wọ́ mi nínú, ó ń fi wọ́ mi lẹ́yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú àpá mi jẹ́jẹ́. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe é.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rí èéfín irú ìkòkò yẹn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ mọ ohun tó ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Rafíù, aládùúgbò wa, ti ń kí láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ ọmọdé lọ́wọ́. Màmá ti fi ìròyìn oyún mi tó o létí lọ́dún tó kọjá. Kò padà lọ tún un ṣe.

"Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ewu! Kí ló bí?"

Àjàyí jókòó sí ìdí igi máńgòrò, ó ń jẹ iyán pẹ̀lú wàgàṣì, wàrà àwọn Fúlàní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń kún padà. Òun náà dáwọ́ dúró.

Màmá kò gbé ojú kúrò nínú ìkòkò rẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin ni."

"Ẹ ṣeun, Ọlọ́run! Ẹ jẹ́ n rí i. Ibo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Màmá na igbá omi sí ìdí igi máńgòrò. "Òun ló ń jẹyán yẹn. Irungbọ̀n ló bá wáyé."

Ìyá Rafíù rẹ́rìn-ín. Ó wo Àjàyí, ó wo ẹ̀yìn mi tí kò sí ọmọ, ó wo ìka mi. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá lọ gbé ọṣẹ ọmọdé náà sí iwájú Àjàyí, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀." Àjàyí fi òkèlè sẹ́nu, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i fún ọmọ tuntun.

Òórùn ọbẹ̀ náà dé imú mi, itọ́ kún ẹnu mi. Mo wo ilẹ̀ yíká láti wá ife, n kò rí. Mo gbé e mì.